Ẹni tó ni ìtàn ló di kámẹ́rà mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ Yazidi, ẹ̀yà kékeré kan tó ní ẹ̀sìn tirẹ̀, tí wọ́n wà ní ibùdó ogúnléndé ní àríwá Ìráàkì, ń ya fíìmù nípa ìgbé ayé ara wọn. Ṣé kò ní tún egbò wọn ṣí? Ṣebí àwọn akọ̀ròyìn ti ròyìn ohun tí ogun fojú wọn rí tó.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun. Pé wọ́n ti ròyìn rẹ̀ tó yẹn, èmi ò gbà. Lẹ́yìn tí ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí, ya bo Sinjar, ilẹ̀ àwọn Yazidi, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2014, akọ̀ròyìn pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìfipábánilòpọ̀ ṣáá ni ọ̀pọ̀ wọn ń bi àwọn ọmọbìnrin tó bọ́ lóko ẹrú ISIS léèrè. Wọ́n á ya ojú wọn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ tó bá di kámẹ́rà mú fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí yóò kọ ọ́ sí àti ìgbà tí yóò pa á. Ó lè má dárúkọ ogun rárá. Ó lè ya ẹrẹ̀ òjò láàárín àwọn àgọ́ ní ibùdó Khanke, tàbí ẹyin tí wọ́n ń kùn láwọ̀ fún ọdún tuntun wọn nínú oṣù kẹrin. Inú àgọ́ ni ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà yẹn ti di géńdé. Ilé rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n ya àwọn àgbà. Ẹnu ni àwọn Yazidi fi ń kọ́ ọmọ ní qewl, orin mímọ́ wọn. ISIS pa àwọn àgbà ní Kocho, abúlé Yazidi kan, ohun tí wọ́n mọ̀ sì bá wọn lọ. Lọ́dún 2021, iná jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgọ́ ní ibùdó Sharya. Ohùn ìyá àgbà tó wà nínú fíìmù, tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, iná àgọ́ ò lè jó o.

Ní ti egbò, ẹ̀rù rẹ tọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fipá mú ọmọ sọ ohun tó rí. Kí ẹni tó mọ ìtọ́jú ọkàn wà nítòsí, kí wọ́n sì gbàṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ máa hàn, torí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì Yazidi tí ISIS jí gbé tí a ò tíì rí, àwọn ẹbí wọn sì ń bẹ̀rù kí àwọn tó mú wọn má baà fìyà jẹ wọ́n níbi tí wọ́n wà. Bí ọmọ bá ní kí wọ́n pa apá kan rẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òun ló dára jù nínú fíìmù náà.