Gáìdì ráúta tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ ní ẹ ra ráúta àlòkù, ẹ̀rọ oníná tí à ń fi gbẹ́ ojú pákó, gáìdì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fara ti etí pákó kí ẹ̀rọ náà má baà yà, ò bá a wá, ẹ sì fẹ́ la gúrúùfù, ojú ihò tóóró gbọọrọ, tí pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù máa wọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ẹ fi ojú wọ̀n là ló wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò. Ẹ wá ń bèèrè bóyá èèyàn lè fi pákó kan gáìdì fúnra rẹ̀, àbí kí ẹ kúkú máa wá ojúlówó kiri. Ó ṣeé kàn dáadáa. Mẹ́ta ni mo ti kàn. Méjì àkọ́kọ́ bá mi ba igi jẹ́, ẹ̀kẹta ló wà lára ráúta mi títí di òní, mi ò sì wá òmíràn mọ́.

Ti àkọ́kọ́, pelebe pílááwúùdù kan ni mo gé, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Mo dè é mọ́ ọ̀pá irin méjì tó ń wọ ihò ara ráúta, mo ní ó parí. Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ la gúrúùfù sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí pákó ìsàlẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Láàárín pákó, iṣẹ́ náà ń lọ geere, inú mi ń dùn. Nígbà tí bíìtì, abẹ tó ń yí nídìí ráúta tó sì ń gé igi, fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ìdajì gáìdì ti yọ sóde, èyí tó ṣì fara ti pákó kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ló bá yí wọnú ní igun. Díẹ̀ ló yí, àmọ́ díẹ̀ yẹn ti tó. Bíìtì já gba ibi tí mi ò rán an, ó jẹ pákó bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Mo rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n, mo tún ṣe òmíràn, bákan náà ló rí. Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ mẹ́rin ló bàjẹ́ kí n tó gbà pé gáìdì ló kúrú.

Èkejì gùn dáadáa, sẹ̀ǹtímítà 30. Ìdè rẹ̀ ló dà mí. Mo lu ihò gbọọrọ méjì sára pákó kí n lè máa sún un síwá sẹ́yìn, mo wá fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì abìyẹ́ dè é, nọ́ọ̀tì tí à ń fi ìka méjì lásán yí. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ráúta ń yí láàárín ìgbà 10,000 sí 30,000 ní ìṣẹ́jú kan. Gbígbọ̀n yẹn tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, n kò sì mọ̀. Gúrúùfù tó bẹ̀rẹ̀ ní mìlímítà 12 sí etí pákó parí ní mìlímítà 15. Ìgbà tí mo fẹ́ kó àpótí náà jọ, tí pákó ẹ̀yìn kọ̀ tí kò wọlé, ni mo tó rí i. Mo ti fi sáńpépà dán gbogbo rẹ̀ nígbà yẹn. Ó dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó ro ohun tí gáìdì ń ṣe gan-an. Gáìdì kò mọ ohun tó ń jẹ́ tààrà. Etí pákó ló ń tẹ̀ lé. Bí etí yẹn bá yọ gọngọ níbì kan, gúrúùfù yín á yọ gọngọ níbẹ̀. Bó bá tẹ̀ wọnú, gúrúùfù náà á tẹ̀ wọnú. Nítorí náà, kí ẹ tó dá gáìdì lẹ́bi, ẹ gbé pákó yín sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ di ojú kan, ẹ fi ojú kejì wo etí rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bí kò bá tọ́, ẹ kọ́kọ́ fá a. Ohun tí a sì ń fẹ́ lára gáìdì fúnra rẹ̀ ò ju kó gùn, kí ojú rẹ̀ tọ́, kó má sì mira rárá.

Ohun kan wà tí kò ṣe pàtàkì tó bí mo ṣe rò. Mo fi odidi ọ̀sán kan bá sìkúéà, irin onígun tí à ń fi wo ohun tó dúró ṣánṣán, jà kí gáìdì lè dúró ṣánṣán sí ọ̀pá irin, láìyẹ̀ sọ́tùn-ún, láìyẹ̀ sósì. Asán ni wàhálà náà. Bíìtì rí roboto. Bí gáìdì bá tilẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tí ojú rẹ̀ bá ṣáà tọ́, tí a sì dè é pinpin, bákan náà ni bíìtì á ṣe jìnnà sí etí pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kìkì ìwọ̀n ló máa yàtọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n sì rèé, ẹ máa tún un ṣe kí ẹ tó là á. Ẹ fi agbára yín sí ìdè.

Bí mo ṣe kan ẹ̀kẹta nìyí. Mo ra ọ̀pá irin méjì tó wọ ihò ara ráúta mi láìjó nínú rẹ̀, mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ yí ọ̀pá náà lórí gíláàsì tàbí ibi tó tẹ́jú kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ń fò bó ṣe ń yí ti tẹ̀, ẹ dá a padà. Mo wá mú igi líle tó ti gbẹ dáadáa, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30, nínípọn rẹ̀ mìlímítà 25. Igi tútù ò dára fún un, nítorí bó bá ṣe ń gbẹ ló máa ń lọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni ihò méjì tí ọ̀pá máa wọ̀ lára igi náà. Bí wọn ò bá jìnnà síra gẹ́gẹ́ bí ti ara ráúta, tàbí tí ọ̀kan bá dà, gáìdì á há, ẹ ò ní lè sún un. Mi ò fi téèpù wọ̀n ọ́n rárá. Mo ki ọ̀pá méjèèjì bọ ráúta, mo jẹ́ kí orí wọn dọ́gba, mo fi ṣọ́ọ̀kì pa orí wọn, mo wá tẹ̀ wọ́n mọ́ ara igi. Àmì funfun méjì jáde, ibẹ̀ gan-an ni mo lu. Mo sì lu ihò náà kó fi mìlímítà kan tóbi ju ọ̀pá lọ, mo fi àtè epoxy kún un, irú èyí tí à ń po oríṣi méjì pọ̀ kó tó le, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ nígbà tí ráúta ṣì wà lára wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí dírílì mi tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, àtè dí àyè náà, ọ̀pá méjèèjì sì le síbi tí ráúta fẹ́ kí wọ́n wà. Láti ìgbà yẹn, ó ń wọlé ó ń jáde bí ẹni fi òróró pa á. Ẹ ṣáà rántí fi ìda àbẹ́là ra apá ọ̀pá tó sún mọ́ ráúta, kí àtè má baà lẹ ẹ̀rọ yín mọ́ igi.

Bóòtù ara ráúta ló ń di ọ̀pá mú báyìí, mi ò ní ìdè kankan lára igi mọ́. Mo fi fáìlì fá ojú pelebe kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu bóòtù lè ríbi jókòó, mo sì fi wáṣà onísípíríìngì sí abẹ́ orí bóòtù náà. Kò tíì tú rí látìgbà náà. Bí ráúta yín bá ti sọ bóòtù tirẹ̀ nù, ẹ mú ẹ̀rọ náà dání lọ rà á, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀, torí ẹyọ̀ bóòtù, ìyẹn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká, yàtọ̀ síra.

Láàárín igi gáìdì, mo gé àlàfo kan kí bíìtì lè sá sí i nígbà tí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́ létí pákó gan-an. Mo tún fá igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ dànù díẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí. Èérún igi máa ń há sáàárín gáìdì àti etí pákó, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè ti gáìdì kúrò láàyè. Bí igun yẹn bá ti kúrò, èérún á ríbi bọ́ sí. Ojú gáìdì, mo fi àbẹ́là ra á kó lè máa yọ̀.

Gáìdì mi sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 20 lábẹ́ ìdí ráúta, ojú pẹrẹsẹ tí ráúta fi ń jókòó lórí pákó. Pákó mìlímítà 18 ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò lórí tábìlì, ìdí gáìdì bá ń họ tábìlì, ráúta sì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Ẹ jẹ́ kí etí pákó yọ jáde kúrò lórí tábìlì díẹ̀, tàbí kí ẹ má jẹ́ kí gáìdì tiyín sọ̀ kalẹ̀ tó tèmi.

Ẹ tún lè fi ohun tí mo fẹ́ràn jù sí i: bóòtù M6 kan, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, tó gba inú nọ́ọ̀tì tí mo rì mọ́ inú igi gáìdì, tí ẹnu rẹ̀ ń ti ìdí ráúta. Ẹyọ̀ M6 tó wọ́pọ̀ máa ń sún mìlímítà kan bí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Tí gúrúùfù bá fi díẹ̀ sún mọ́ etí jù, mo tú bóòtù ọ̀pá, mo yí M6 ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn mìlímítà 0.25, mo fà á mọ́ra, mo tún un dè. Àwọ̀ntúnwọ̀n ti tán.

Nípa ibi tí ẹ máa kọjú sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Bí a bá wo ráúta láti òkè, bíìtì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí ẹ bá ń tì í kúrò lọ́dọ̀ yín, igi máa ń ti ráúta sí òsì. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí gáìdì àti etí pákó wà. Igi fúnra rẹ̀ á wá máa fa gáìdì mọ́ etí pákó. Mo ti tì í láti òdìkejì rí, tí gáìdì wà lósì. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń sá kúrò létí pákó, tí mo ń fi agbára fà á padà, ọwọ́ mi sì ro mí di alẹ́. Mo rò pé apá kan ìdí tí tiyín fi wọ́ nìyẹn náà, torí ẹni tí kò ní gáìdì kì í mọ̀ pé ẹ̀rọ ní ibi tó fẹ́ lọ.

Ẹ yọ ráúta kúrò lára iná kí ẹ tó wọ̀n bí bíìtì ṣe jìnnà sí gáìdì. Ẹ fi ọwọ́ yí bíìtì títí ehín rẹ̀ á fi kọjú sí gáìdì gan-an, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n. Bí ẹ bá ń ki bíìtì bọ̀ ọ́, ẹ tì í wọlé dópin, kí ẹ wá fà á padà ní mìlímítà 2 kí ẹ tó dè é. Gúrúùfù tó jìn ní mìlímítà 9, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń lọ, mìlímítà mẹ́ta mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ iwájú gáìdì mọ́ pákó. Bí ẹ bá sún mọ́ òpin, ẹ gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wọ awò ojú, ẹ bo etí, ẹ bo imú, pàápàá bó bá jẹ́ MDF, pákó tí wọ́n fi èérún igi wẹ́wẹ́ àti àtè ṣe, nítorí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú.

Bí gúrúùfù bá jìnnà sí etí pákó ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, mi ò lo gáìdì yìí mọ́. Ọ̀pá á ti gùn jù, á máa tẹ̀. Pákó tó tọ́ ni mo máa ń fi kíláàǹpù dè mọ́ iṣẹ́, kí ìdí ráúta fara tì í. Níbẹ̀, òsì ni pákó náà máa wà, nítorí òsì kan náà ni ráúta ń fẹ́ lọ. Ó rú mi lójú fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀ pé òfin kan ṣoṣo ni méjèèjì ń tẹ̀ lé.

Ẹ ní ẹ ò mọ ìwọ̀n ọ̀pá tí ráúta yín ń gbà, ẹ ò sì ní kálípà, irinṣẹ́ tí à ń fi wọ̀n nínípọn nǹkan. Ẹ kó bíìtì dírílì yín jáde, ẹ máa fi ìdí wọn tó ń dán, tí kò lẹ́hín, ki ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wọlé tí kò jó nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ fi ra ọ̀pá.