Ṣé iná pupa ló ń sọ ìyálé di ìkà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n alápá 13 lórí ilé olórogún kan. Ìyálé burú, ìyàwó kékeré ni ẹni rere. Ẹnìkan tó ń kọ́ni níṣẹ́ kámẹ́rà lórí WhatsApp ta àtẹ kan fún wa. Àtẹ náà ní ẹni tí kámẹ́rà bá wò láti ìsàlẹ̀ ló ga, òun ló lágbára, ẹni tó bá wò láti òkè ni aláìlágbára; nítorí náà, kí kámẹ́rà máa wo ìkà láti ìsàlẹ̀, kó wọ dúdú, kí iná ojú rẹ̀ pupa. Ẹni rere, kí kámẹ́rà máa wò ó láti òkè, kó wọ funfun. A ti ya apá méjì, àmọ́ ńṣe làwọn tó wò ó ń rẹ́rìn-ín. Iná pupa mélòó ló yẹ ká fi kún un, irú kámẹ́rà wo la sì máa fi pààrọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Àbúrò, má ra iná pupa kankan, má sì ta kámẹ́rà rẹ. Àtẹ yẹn ti dé ọwọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tó ń tà á kàn ń pa orúkọ orí rẹ̀ dà ni. Mi ò ní fi bò, inú máa ń bí mi sí i, torí pé àwọn ọmọ tó ń fi owó oúnjẹ wọn ra nǹkan yìí ló pọ̀ jù. Kámẹ́rà kọ́ ló fa ẹ̀rín. Ẹ ti dá ìyálé lẹ́bi kó tó yanu sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti apá 13 láti gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ti dá tán ní ìṣẹ́jú kìn-ín-ní.

Ta tiẹ̀ ló ní ìyálé burú? Ìwọ tó kọ eré lo mọ̀. Màmá tó ń wò ó ní Ìjerò kò tíì mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà jẹ́ ìyálé nílé ọkọ rẹ̀.

Irọ́ tó wà nídìí àtẹ náà kò ju ẹyọ kan lọ: pé shot kọ̀ọ̀kan (àwòrán tí kámẹ́rà yà lẹ́ẹ̀kan), àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tó dá dúró, tí èèyàn lè há sórí kó máa lò káàkiri. Ìkẹ́rẹ́ lo wà, ìlú rẹ gan-an ló sì ní ẹ̀rí tó já a nírọ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, gbẹ́ òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé ọnà Art Institute ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, lónìí. Wá àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó ka èyí tó kù. Ọba jókòó, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ bà sórí adé. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn, ó ga fíofío ju ọba lọ, ó gbé ọwọ́ lé ìtẹ́. Nísàlẹ̀, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, ó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wá gbé àtẹ rẹ lé e. Olorì ti di ọba, ọba ti di ọmọ ọwọ́. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní sanwó ìtanràn? Olorì àgbà ló ń gbé adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè, ipò yẹn ni gíga rẹ̀ ń sọ. Ká ní Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ obìnrin yẹn nìkan, láìsí ọba níwájú rẹ̀, obìnrin gíga lásán ni ì bá jẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ló ń jẹ́ ká mọ irú ẹni tó jẹ́. Àgbẹ́gilére kan tí kò fojú kan kámẹ́rà eré tẹlifíṣọ̀n rí mọ èyí, ẹni tó ta àtẹ fún yín kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ta àtẹ yìí náà kò tẹ̀ lé e. Nínú Citizen Kane, fíìmù ọdún 1941, ìran kan wà tí Kane, olú ẹ̀dá ìtàn náà, ti fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Orson Welles tó darí rẹ̀ àti Gregg Toland tó wà nídìí kámẹ́rà gbé kámẹ́rà wálẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dá ihò sí ilẹ̀ kó tó ráyè. Ọkùnrin náà ga, síìlìn sún mọ́ ọn lórí, ó sì ti pàdánù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni wọ́n wò láti ìsàlẹ̀! Kámẹ́rà ìsàlẹ̀ kò ṣe ju pé kó yọ ilẹ̀ kúrò, kó mú síìlìn wọlé, kí ẹni tó sún mọ́ ọn sì ga ju ẹni tó wà lẹ́yìn. Ohun tí síìlìn yẹn máa sọ kù sọ́wọ́ ìwọ tó ń sọ ìtàn. (Nínú ọ̀pọ̀ eré tiwa, ohun tó máa ń sọ ni pé òjò ti ba síìlìn onílé jẹ́.)

Bí mo bá wà níbẹ̀, báyìí ni mo máa ṣe é. Màá gbé kámẹ́rà sí ìpele ojú ìyálé, màá sì dúró jìnnà sí i. Nínú apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, òun nìkan ni yóò máa wà nínú àwòrán, kódà bí pálọ̀ bá kún. Ìyàwó kékeré ńkọ́? Èjìká ẹlòmíràn, ọwọ́ ọmọ, orí ọkọ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa wọ inú àwòrán tirẹ̀. Òǹwòran kò ní mọ ohun tí ẹ ń ṣe, àmọ́ ara rẹ̀ á mọ̀ pé ẹnìkan dá wà nínú ilé yìí. Lọ́jọ́ tí ìyálé bá gbọ́ pé ọkọ ti fún ọmọ ìyàwó kékeré nílẹ̀, kí kámẹ́rà wá sún mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́, close-up gidi, kí ojú rẹ̀ gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin ti lo close-up bí ẹni ń lo iyọ̀ láti ìran kìn-ín-ní. Kí lẹ máa lò lọ́jọ́ tó bá sunkún?

Lórí lẹ́ńsì, gbólóhùn kan péré: lẹ́ńsì kọ́ ló ń sọ imú èèyàn di ńlá, sísúnmọ́ ni. Ẹ gbé 24mm, lẹ́ńsì tó ń rí ibi tó fẹ̀, sún mọ́ ojú, imú á yọ síta; ẹ fi 85mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, dúró lókèèrè, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún, ẹ má lọ fi kámẹ́rà há a mọ́ imú.

Aṣọ ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Àtẹ ní dúdú fún ìkà, funfun fún ẹni rere. Ní Èkìtì ibo? Ẹtù dúdú, aṣọ iyì àgbà ni. Àlàárì pupa, aṣọ àwọn ìjòyè ni, kò sẹ́ni tó rí i tó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Funfun ni aṣọ Ọbàtálá, funfun ni ti ìjọ aláṣọ funfun, funfun náà la fi ń wé òkú. Èwo nínú wọn ni òǹwòran máa gbà pé ìyàwó kékeré wọ̀?

Ohun tí aṣọ ń sọ nípa èèyàn, bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ onítọ̀hún ló ń sọ, bó ṣe tọ́jú rẹ̀, ẹni tó fún un. Ẹ má ra aṣọ tuntun fún ìyálé. Ẹ wá ìró àti bùbá tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ojú ìlà irin á ṣì hàn lórí apá. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ní apá kìn-ín-ní, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti ń rìn, yóò máa dún. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gba ohùn gbà á dáadáa. Nígbà tó bá di apá kẹfà, kí ìyàwó kékeré rìn kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ kan náà máa dún ní etí ìró tirẹ̀, kí ìyálé gbé ojú sókè kó tún gbé e sílẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Màmá Ìjerò yẹn á pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní mọ ẹni tí òun á bínú sí nínú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbà nìyẹn.

Kí ẹni tó ń bójú tó aṣọ máa fi fóònù ya gbogbo òṣèré lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, láti gèlè dé bàtà. Nínú apá 13, kò sí orí tó lè rántí pé apá ọ̀tún ni ìdè gèlè wà lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ yẹra fún aṣọ onílà tín-ín-rín tó sún mọ́ra, yóò máa jó lójú kámẹ́rà. Léèsì tó funfun báláú náà ń ṣòro, torí pé bí iná bá ti bà á, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ á pòórá.

Iná wá kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí iná pupa fi ń ba ojú yín jẹ́, ẹ ó rí i pé kò kan ìkà tàbí ìwà rere. Nínú 4 lára àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, 2 ń gba àwọ̀ ewé, 1 ń gba búlúù, 1 péré ló ń gba pupa. Bí ẹ bá tan pupa nìkan, ìdámẹ́rin kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́; ìyẹn náà á tètè kún àkúnya, ojú òṣèré á wá di àbààwọ́n pupa kan tí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kò ní ìrora. Ẹ ti gba agbára ṣíṣe eré lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Kò sí kámẹ́rà tuntun tó máa dá a padà fún un.

Awọ dúdú tiwa fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ tó gbòòrò. Ẹ má gbé iná kékeré lé ojú ní tààrà, yóò máa kọ yànrànyànràn níwájú orí, ibi yòókù á ṣókùnkùn. Ẹ yí iná kọjú sí bọ́ọ̀dù funfun ńlá tàbí ògiri funfun, kí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà wá bà á láti ẹ̀gbẹ́. Pọ́ńdà díẹ̀ tó. Dídán awọ ló ń fi egungun ojú hàn, ẹ má pa gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ibi tí gèlè tàbí fìlà tẹ̀ sí, kí ẹ sì gbé iná gba òdìkejì wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjìji rẹ̀ á bo ojú kan.

Oòrùn ọ̀sán ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní nǹkan bí agogo 12 ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa gan-an, yóò sì fi òkùnkùn di ihò ojú. Gordon Willis, tó wà nídìí kámẹ́rà, mọ̀ọ́mọ̀ lo iná òkè bẹ́ẹ̀ fún òṣèré Marlon Brando nínú fíìmù The Godfather ní 1972: a ò rí ojú bàbá tó ń ṣe náà dáadáa, a ò sì mọ ohun tó ń rò. Òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bàbá onínúure inú eré tiyín tó dúró sójúde lọ́sàn-án gangan ti gba irú ojú kan náà lófẹ̀ẹ́. Ẹ dúró dìgbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, tàbí kí ẹ gbé bàbá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú nínú ilé, ẹ fi shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́ tó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, torí pé 50 Hz ni iná wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà dúró lórí 50 yẹn, nítorí náà ẹ dán an wò kí òṣèré tó múra.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní fi ṣeré: bí ẹ bá ti ń di ọ̀rá pupa mọ́ gílóòbù hálójìn, ẹ já a kúrò lónìí. Ó ń yọ́, ó sì lè gbiná mọ́ kọ́tìnì. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gáàsì tí kì í rùn wà nínú èéfín rẹ̀, ó sì ń pani. Mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ àti bí wáyà yín ṣe rí, mi ò sì lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ra. Bó bá jẹ́ ààfin tàbí ilé olóyè lẹ fẹ́ lò, ẹ gbàṣẹ kí kámẹ́rà tó wọlé.

Kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ yín, bó bá ṣeé yí shutter rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ padà pẹ̀lú ọwọ́, ó tó. Ẹ tún ìran tí ìyálé ti kọ́kọ́ jáde yà, láìsí pupa, kí ojú fèrèsé jẹ́ iná rẹ̀, kí ẹ fi han èèyàn mẹ́ta tí kò ka eré náà rí. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó burú. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó ń fẹ́. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra iná, ẹ ra bọ́ọ̀dù funfun méjì nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù kún owó obìnrin tó ń ṣe ìyálé. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì san án tán.