Níútírínò tí kì í fara kan nǹkan, báwo ló ṣe ń bú ìràwọ̀ gbàmù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní níútírínò, ẹyọ nǹkan kan tó kéré jọjọ, ń gba inú ayé wa kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n tún ní òun ló ń bú ìràwọ̀ ńlá. Èwo ni ká gbà? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ti rí i rí?

ÌDÁHÙN: Méjèèjì lẹ máa gbà. Ìràwọ̀ tó bá wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ á jó títí àárín rẹ̀ á fi di irin, irin kò sì ní agbára kankan tó lè mú wá mọ́. Tí irin yẹn bá ti wúwo tó oòrùn kan àtààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀, kò ní lè gbé ara rẹ̀ mọ́. Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ó ti wó. Púrótọ́ọ̀nù á gbé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù mì, á di níútírọ́ọ̀nù (ẹyọ inú átọ́ọ̀mù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), níútírínò á sì jáde. Ibẹ̀ ki débi pé ẹ̀kún ṣíbí tíì kan ju bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. Níútírínò gan-an há síbẹ̀. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó jò tán.

Ohun tó ń já bọ̀ á fò padà lára àárín líle yìí, ìgbì á sì gbéra. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í sí: ìgbì náà kì í dé òde fúnra rẹ̀. Fífọ́ irin sí wẹ́wẹ́ ló ná agbára rẹ̀ tán, á wá dúró ní nǹkan bíi 150 kìlómítà. Níútírínò tó ń jáde ló ń mú un gbóná sí i láti abẹ́; díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó bá dúró síbẹ̀ ti tó. Ohun gbígbóná á máa ru sókè, tútù á máa wọlẹ̀, bí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò kọ̀ǹpútà tó mú ìràwọ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí kò ru rárá fi sábà máa ń kùnà. Tí ooru kò bá tó, ìràwọ̀ lè di ihò dúdú, ìyẹn ohun tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀, láì bú.

Wọ́n ti rí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù Èrèlé ọdún 1987, àgbá omi Kamiokande nínú ihò kùsà ní Japan mú níútírínò mọ́kànlá, IMB, àgbá omi mìíràn ní Ohio ní Amẹ́ríkà, mú mẹ́jọ, Baksan, ẹ̀rọ tó ń wá níútírínò ní Rọ́ṣíà, mú márùn-ún, láti ara ìràwọ̀ kan tó jìnnà tó nǹkan bí 168,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé. Kì í ṣe pé níútírínò sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ o. Òun ti jáde lọ nígbà tí ìgbì ṣì ń rìn bọ̀ wá sí ojú ìràwọ̀.