Kí nìdí tí àwọn àgbà fi ń sá òkú bátìrì sóòrùn?

Ìbéèrè tí ẹnì kan bi mí nìyí: "Ìyá àgbà wa ní Òkè Màpó kì í ju bátìrì rédíò nù bó bá kú. Orí páànù ni wọ́n ń sá a sí bí ẹni ń sá láfún. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, rédíò á tún sọ̀rọ̀. Ṣé oòrùn ló ń wọnú ẹ̀ ni, àbí àṣà lásán ni?"

Oòrùn kì í wọnú ẹ̀ o. Àmọ́ màmá ò tàn yín.

"Kú" tí à ń pè é yẹn ló ń ṣini lọ́nà. Ó ti rẹ bátìrì náà ni. Agolo tó yí i ká, síńkì ni. Ọ̀pá kábọ̀n wà láàárín, ìyẹ̀fun dúdú tó sì yí ọ̀pá náà ká ni manganese dioxide. (Ẹni tó bá lọ iléèwé láyé ọjọ́un mọ̀ ọ́n: òun là ń gún mọ́ ewé fi kun pátákó ìkọ̀wé, tọ́wọ́ wa á dúdú fún ọjọ́ méjì.) Nǹkan ọ̀rinrin kan tó kì bí ẹ̀kọ, tó ní iyọ̀ ammonium chloride nínú, ló wà láàárín síńkì àti ìyẹ̀fun yìí.

Síńkì ń fẹ́ jọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé iná rìn, manganese dioxide sì ń fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò lè gba inú ọ̀rinrin yẹn kọjá. Àfi kó gba ìta, kó la inú rédíò yín kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí ẹ̀. Ìrìn yẹn náà ni iná. Nínú lọ́hùn-ún, àwọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná lára, ń rìn nínú ọ̀rinrin kí ìhà méjèèjì lè dọ́gba. Bí ọ̀nà kan bá dí nínú méjèèjì, iṣẹ́ dúró.

Bí rédíò bá ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ohun tí iṣẹ́ yìí ń mú jáde á kó jọ, á dínà. Ìsinmi ló ń jẹ́ kó tú ká. Ooru sì ń mú ìrìn àwọn áyọ́ọ̀nù yá, bí epo pupa tó dì lọ́yẹ́ tí wọ́n gbé sóòrùn. Kódà bí ẹ bá kàn yọ bátìrì náà sílẹ̀ ní yàrá, ó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Síńkì tí iṣẹ́ yìí ti jẹ ò ní padà. Bí wọ́n bá sá a títí, agolo á lu, omi á jò sára irin rédíò, á bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń feyín tẹ bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Georges Leclanché ará Faransé ló ṣe irú bátìrì yìí ní 1866, olómi nínú ìgò. Carl Gassner ará Jámánì ló sọ ọ́ di gbígbẹ ní 1886.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: páànù tí màmá ń sá a sí náà, irin tí wọ́n fi síńkì bò ni. Bí nǹkan bá ha á, tí òjò sì pa á, síńkì lomi ń kọ́kọ́ jẹ, kó má baà jẹ irin. Ìgbà tí síńkì bá tán lòrùlé ń dógùn-ún. Ẹ gun Láyípo, ilé gogoro tó wà lórí òkè n'Íbàdàn, lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ wo bí òrùlé Ìbàdàn ṣe pọ́n lọ súà: síńkì ibẹ̀ ti ṣe tiẹ̀ tán.

Bátìrì fóònù ńkọ́? Irú mìíràn nìyẹn, lítíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀. Ẹ má gbé e dé oòrùn rárá. Ó lè wú, ó sì lè gbiná.