Ẹ Bi Onítáyà: Ríìmù Mustang tó Tẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mustang GT ọdún 2015 ni mo ń wà, èyí tó ní Performance Pack, ìyẹn àwọn ohun èlò eré tí ilé-iṣẹ́ fi kún un. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, omi bo ojú títì ní Ajah, mi ò rí kòtò tó wà nísàlẹ̀ omi náà. Ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ló kó sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti sáré dé 80, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Fọkanáísà ti bá mi báláǹsì rẹ̀, ó tún un ṣe, ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Ó wá ní etí ríìmù náà ló tẹ̀ nínú, pé òun mọ onígáàsì kan tó lè fi iná nà án tọ́ kíákíá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí n lọ ra ríìmù Lexus ní Ladipo, pé ihò márùn-ún kan náà ni. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?
Onímustang, Ajah

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ewu. Má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Bí o bá ti fún onígáàsì yẹn lówó sílẹ̀, lọ gbà á padà.

Ríìmù irin, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ dáńfó, òòlù ni oògùn rẹ̀. Gbé e kalẹ̀, lù ú, ó ti bọ̀ sípò. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti kọ́ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn fọkanáísà kan fi rò pé gbogbo ohun tó bá ṣe roboto, bákan náà ni. Ríìmù alọ́ì tìrẹ kì í ṣe irin. Alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ sílíkọ́nì àti magnésíọ́ọ̀mù díẹ̀ ni, dídà ni wọ́n sì dà á, bí àwọn tó ń da ìkòkò ṣe ń da ìkòkò. Bí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá ti já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì nílé yín rí, o mọ̀ pé kì í pẹ́ là. Lẹ́yìn tí wọ́n bá da ríìmù náà tán, wọn á tì í bọ ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 540 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn á fi í síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, wọn á rì í bọ omi lójijì, wọn á tún dá a padà sínú ooru tó kéré sí ti àkọ́kọ́ dáadáa. Inú ààrò àti omi yẹn ni agbára rẹ̀ ti wá. Kì í ṣe pé ó nípọn ló fi lè gbé mọ́tò.

Wàyí o, iná gáàsì àti ọ́síjìn tí ọkùnrin yẹn fẹ́ tàn sí i ju 3,000 lọ. Ibi tó bá dojú iná kọ, gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ fi ààrò ṣe síbẹ̀ ló tú dànù. Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyí: irin máa ń pọ́n kó tó rọ̀, ojú sì ni àwọn wẹ́dà wa fi ń mọ bó ṣe gbóná tó. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Funfun báyìí ló máa wà títí á fi ṣàdédé yọ́. Alumíníọ̀mù tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan ń yọ́ ní 660, èyí tí wọ́n fi ṣe ríìmù kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Nítorí náà, ọkùnrin yẹn ò lè mọ ibi tí ooru dé, kò sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè mú tó. Ríìmù á padà sọ́wọ́ rẹ ní roboto, wọn á fi kùn dán an, ìwọ náà á yìn wọ́n. Ibi tí iná ti kàn án ti rọ̀. Kòtò kékeré tó bá tún pàdé, á tún tẹ̀, tàbí kó là.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tú táyà kúrò lára rẹ̀. Wo táyà fúnra rẹ̀ ná. 255/40R19 ni táyà iwájú rẹ. 40 yẹn túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ti 255, ìyẹn mílímítà 102 péré. Camry Muscle tó wọ 215/60R16 ní 129. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí àwọn oní-Camry máa fò kòtò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ láìwẹ̀yìn. Fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ táyà náà níta àti nínú. Bí ibì kan bá wú bí oówo, okùn inú rẹ̀ ló ti já, kò sí páàṣì tó lè dì í. Ẹni tó bá ní kí o máa mánéèjì rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ.

Lẹ́yìn náà, wá ojú ibi tó là. Fọ ríìmù náà mọ́, fi kẹrosíìnì pa á yíká nínú, jẹ́ kó dúró díẹ̀, nù ún gbẹ fínnífínní, kí o wá fi ẹfun lílọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Bí ibì kan bá là, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ síbẹ̀ á tú jáde, á fa ìlà sára ẹfun náà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ní owó ń lo oje pupa àti páúdà funfun tí wọ́n ṣe fún un, iṣẹ́ kan náà ni.

Bí kò bá là, tó jẹ́ pé etí inú nìkan ló tẹ̀, tí títẹ̀ náà kò sì dé ìdí sípóòkù, ríìmù rẹ ṣì ṣeé tún ṣe. Etí inú ló sábà máa ń tẹ̀, torí pé apá òde ni àwọn sípóòkù wà, kò sí ohun tó gbé etí inú ró. Ẹni tí wàá gbé e lọ bá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi ihò àárín di ríìmù mú, pẹ̀lú gáàgì alábẹ́rẹ́ tó ń fi ibi tó ti yẹ̀ hàn, àti jáàkì onípọ́ǹpù tó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Bó bá máa fi ooru kàn án rárá, kó jẹ́ ooru kékeré tó ń wọ̀n. Bi í pé, “Ọ̀gá, kí lẹ fi ń mọ ibi tí ooru dé?” Bó bá fi ìka kan ojú ara rẹ̀, gbé ríìmù rẹ máa lọ. Nígbà tó bá parí, ní kó yí i níṣojú rẹ. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ṣì ń fò ju mílímítà 1 lọ, iṣẹ́ ò tíì parí. Báláǹsì tí wọ́n ń ṣe fún ọ lásán ni: lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ríìmù ń tún ìwúwo ṣe ni, kò lè sọ ohun tó rí bí ẹyin di roboto.

Bó bá là ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwa oníṣẹ́ ń jó o pọ̀, inú wọn ò sì ní dùn sí mi. Èmi kì í jó o, mi ò sì ní gba ọmọ mi láyè kó fi irú rẹ̀ rìn. Jíjó náà ń rọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó bí iná onígáàsì yẹn ṣe ń ṣe. Ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ríìmù Lexus wá kù. Ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́ nípa ihò márùn-ún, òbírí tí ihò márààrún tò sí fẹ̀ tó mílímítà 114.3 lára Mustang, òun náà ni ti Lexus GS. Ihò àárín ni kò wò. Mílímítà 70.5 ni ti Mustang, 60.1 ni ti Lexus. Kò ní wọlé. Wọn á ní àwọn á fẹ̀ ẹ́ fún ọ, kí o bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀. Má tún gba ríìmù tó kéré sí íǹṣì 19 o. Bíréèkì Brembo ló wà níwájú tìrẹ, páànù rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 380, 17 ò lè kọjá lórí rẹ̀. Sọ fún ẹni tó ń tà pé ti iwájú lo fẹ́, torí íǹṣì 9 ni fífẹ̀ ti iwájú, 9.5 ni ti ẹ̀yìn. Láti 2015 ni wọ́n ti ń ta Mustang onísítíárìn ọ̀tún ní Britain, 19 kan náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀, ẹyọ kan péré tó bá tìrẹ dọ́gba ti tó. Kò sí ìdí láti ra mẹ́rin.

Nọ́ọ̀tì rẹ, mílímítà 14 ni. Ti Mustang tó ṣáájú 2015 yàtọ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi tipátipá wé e. 204 Nm ni wọ́n ń fún un dé, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára, kì í ṣe pé kí ẹnì kan gun wíìlì sípánà kó máa jó lórí rẹ̀. Bó bá rìn tó 160 kìlómítà, kí wọ́n tún un wò. Kí wọ́n yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì wò kí wọ́n tó ṣe àláínmẹ́ǹtì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Táyà mọ́tò mi kan ń sọ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fọkanáísà ní ríìmù alọ́ì náà ti bàjẹ́, ó sì ti ki túùbù bọ̀ ọ́. Ṣé kò séwu?
Ìyá Ìbejì, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ewu wà. Táyà tí wọn ò ṣe fún túùbù máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ra lórí eré, ooru á mú un, á sì bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ibi tí táyà ti ń jókòó sára ríìmù ló sábà máa ń hu ìpẹtà funfun. Wáyà búrọ́ọ̀ṣì ni wọn á fi ha á mọ́, wọn á wá fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ pa á. Kí wọ́n tu itọ́ tàbí ọṣẹ sórí fáàfù náà, ó lè jẹ́ òun ni, ẹ ò sì ní ná nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ríìmù tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti London, inú àgbá ló máa dì í sí. Kí ni kó wò kó tó sanwó?
Ọmọ Ìjẹ̀bú

ÌDÁHÙN: Kó dà á dojú dé, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, fífẹ̀ rẹ̀, àti ET tó ń sọ bó ṣe jókòó sí, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Japan, kó wá JWL, àmì tó ń sọ pé ríìmù náà bá ìlànà Japan mu. Èyí tí kò ní ìkọ̀wé kankan lẹ́yìn, kó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí táyà bá wà lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìkọ̀wé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kó fi bébà nípọn tàbí aṣọ àlòkù wé etí ríìmù kọ̀ọ̀kan kó tó kó wọn lé ara wọn nínú àgbá, kó sì dojú fáàfù sínú, torí fáàfù tó ní sẹ́ńsọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kán.