Wọ́n Tún Fẹ́ Ya Àwòrán Ẹ̀yìn Ojú Ọmọ Mi: Kí Ni Wọ́n Ń Wá?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Wọ́n sọ pé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, ní àìsàn ojú kan tí wọ́n ń pè ní retinitis pigmentosa. Láti kékeré ni kì í ríran dáadáa tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ya àwòrán ẹ̀yìn ojú rẹ̀ láàárín ọdún méjì, wọn ò sì fún un ní oògùn kankan. Wọ́n tún ti kọ̀wé pé kí ó wá fún ẹ̀rọ àwọn olùwádìí kan tí wọ́n ń pè ní adaptive optics. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ara ògiri tí wọ́n fi ń dán ojú wò ṣì ń hàn sí i kedere. Kí ni wọ́n ń wá? Ṣé iná yẹn ò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́? Ṣé kí n mú àbúrò rẹ̀ náà lọ?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, Mà. Ó ti rẹ̀ yín, mo mọ̀, nítorí pé ẹ ń gbé ọmọ lọ, ẹ ń gbé e bọ̀, ẹ ò sì tíì rí oògùn mú relé. Tí ọmọ náà bá fẹ́, ó dáa kí ó lọ. Àwòrán kì í wo àìsàn. Àmọ́ òun la fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè nínú ojú rẹ̀, ìtọ́jú tó bá sì dé lọ́la, orí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni yóò ti ṣiṣẹ́.

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ojú, tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní rods, bíi mílíọ̀nù 120 nínú ojú kan, la fi ń ríran nínú òkùnkùn. Cones, tí kò ju bíi mílíọ̀nù 6 lọ, la fi ń mọ àwọ̀, tí a sì fi ń kàwé. Nínú àìsàn ọmọ yín, rods ló ń kọ́kọ́ kú, ni alẹ́ fi kọ́kọ́ di ìṣòro fún un. Cones tó wà ní àárín gbùngbùn ló sábà máa ń kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má gbọ́kàn lé lẹ́tà ara ògiri jù: àwọn cones yẹn lè dín ju ìdajì lọ kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì.

Ó ṣeé ṣe kí OCT wà nínú àwòrán tí wọ́n ti yà. Láti 1991 ni ẹ̀rọ yẹn ti wà. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń fi ìpele rẹ́tínà hàn, bí ìgbà tí a bá gé búrẹ́dì tí a wo inú rẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí à ń ṣọ́. Ibi tí ìlà náà gbòòrò dé ni sẹ́ẹ̀lì ṣì lágbára dé, ọdún dé ọdún la sì ń wọ̀n ọ́n. Àwòrán ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ bí àìsàn ṣe ń yára sí.

Ṣùgbọ́n irú OCT tó wà ní ilé ìwòsàn kì í fi sẹ́ẹ̀lì hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́. Ẹ rántí odò tí afẹ́fẹ́ ń rú: òkúta wà nísàlẹ̀, omi tó ń mì ni kò jẹ́ kó hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú ojú àti lẹ́ńsì inú rẹ̀ ń da ìmọ́lẹ̀ rú kí ó tó jáde sí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ bá irú ìyọnu yìí pàdé. Ní 1953, Horace Babcock dábàá pé kí wọ́n lo dígí tó lè yí ara rẹ̀ padà láti tún ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe; ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní adaptive optics. Ní 1997, Junzhong Liang, David Williams àti Donald Miller gbé ọgbọ́n náà wá sínú ojú èèyàn ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ á wọn bí ojú ṣe da ìmọ́lẹ̀ rú, dígí á sì tẹ̀ sí òdìkejì rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Cones á wá yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ojú afárá oyin. Tí ẹ bá to bí 30 nínú àwọn tàárín gbùngbùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú fọ́nrán irun kan lọ!

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn ibi dúdú tó máa ń wà láàárín afárá náà. Tẹ́lẹ̀, a máa ń rò pé ibi tó dúdú, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kú. Nígbà tí ó di 2014, ọ̀nà míì jáde láti gba ìmọ́lẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní split detection. Nínú ojú àwọn tí wọ́n ní achromatopsia, ìyẹn àwọn tí a bí láìmọ àwọ̀, ó fi hàn pé ara sẹ́ẹ̀lì ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti kà sí òfìfo; kò kàn dá ìmọ́lẹ̀ padà ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń retí ìtọ́jú. Oògùn Luxturna, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2017, ń gbé jíìnì RPE65 tó péye wọ inú rẹ́tínà (jíìnì ni ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí). Bí kò bá bá sẹ́ẹ̀lì láàyè níbẹ̀, asán ni. Jíìnì tó lè fa retinitis pigmentosa sì ju 80 lọ, RPE65 kàn jẹ́ ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ jíìnì ọmọ yín wò. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, èyí ṣe pàtàkì ju àwòrán kẹrin lọ.

Ní ti iná, ọkàn yín kó balẹ̀. Kì í ṣe X-ray. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ojú kì í fẹ́ẹ́ rí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ òṣùwọ̀n ààbò tí gbogbo ayé ń lò. Jíjókòó ló ń ni èèyàn lára: gbígbé àgbọ̀n lé nǹkan, wíwo ojú kan ṣoṣo, nítorí ibi kékeré ni ẹ̀rọ ń yà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá rán an pọ̀. Ti ìwádìí sì ni. Ó lè má yí ìtọ́jú rẹ̀ padà lọ́dún yìí. Ọmọ ọdún 19 ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí ìwé, bí ó bá sì kọ̀, kò gbọ́dọ̀ ba ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ mú àbúrò rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ojú àti OCT, kódà bí kò bá ráhùn nípa alẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá àti ìyá ló jọ gbé jíìnì náà láìmọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti ní àìsàn náà. Ẹ ò ṣe ohun tó burú, Mà, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe yín. Bí ẹbí bá ń sọ pé kí ẹ ra fítámì A olóṣùwọ̀n ńlá nítorí alẹ́, ẹ dúró kí ẹ bi dókítà rẹ̀ ná: tó bá jẹ́ jíìnì ABCA4 ló bàjẹ́, fítámì yẹn lè dá kún un. Epo pupa inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà.

Wọ́n á kán oògùn sí i lójú kí ihò dúdú àárín ẹyinjú lè fẹ̀, ìwé kò sì ní ṣeé kà dáadáa fún wákàtí mélòó kan. Kí ẹnì kan sìn ín lọ. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní àárọ̀, torí ní oṣù Kejìlá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù.