Ibà Lásà: ẹ má dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ẹ tó béèrè àyẹ̀wò

Arábìnrin wa tó béèrè bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà Lásà, àìsàn tí eku ń kó ran èèyàn, ti dé, nítorí pé wọ́n gbé ọkọ yín lọ síṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tí ẹ sì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ bá a: kò tíì dé. Ẹni tó bá ní òun ń tà á, olè ni. Ìdánwò ni wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí tó lọ jìnnà jù ni ti IAVI, àjọ kan tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Amẹ́ríkà àti Làìbéríà, nígbà tó sì di ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì, wọ́n ń gún un fáwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní Àbújá. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ Ebola náà ni wọ́n lò: wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì ẹran ọ̀sìn kan tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, wọ́n gbé aṣọ Lásà wọ̀ ọ́, kí ara èèyàn lè ti dá aṣọ náà mọ̀ kí ọ̀tá gan-an tó dé. Àwọn Yunifásítì Oxford nílùú Òyìnbó náà ní tiwọn tí wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 1969 la ti mọ àìsàn yìí ní Nàìjíríà o. Tó bá jẹ́ àwọn olówó ló ń pa ni, ṣé a ó ṣì máa retí abẹ́rẹ́?

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tì ná. Èmi ti ṣe ibà Lásà, mo sì wà láàyè, ohun tó gbà mí ni mo fẹ́ sọ.

Bíríkìlà ni mí. Oṣù Kejì ni, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, ilé kan là ń kọ́ lọ́nà Ìkàrẹ́ nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò yàtọ̀ sí ibà tí gbogbo wa mọ̀. Orí ń fọ́ mi, gbogbo ara ń ro mí, oúnjẹ ò lọ. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tó wà nítòsí sọ pé ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n fún mi ní oògùn ibà, mo lò ó tán, ara ò yé gbóná. Wọ́n tún gbé òmíràn fún mi. Nígbà tó yá, ọ̀fun ń dùn mí débi pé n kò lè gbé itọ́ mì, ojú mi wú, ìtọ̀ mi sì dín kù. Mo fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lérìgì. Nọ́ọ̀sì tó wá síṣẹ́ alẹ́ ló fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu mi, tó pe ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀ pé, "Màmá, ẹ gbé bàbá lọ sí FMC lálẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́ o." Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni FMC. Nọ́ọ̀sì náà kò dúró de ọ̀gá rẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí alẹ́ ọjọ́ yẹn fi ṣe pàtàkì. Oògùn tí wọ́n ń lò, ribavirin, ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tó mú kí wọ́n máa lò ó fún Lásà, ọdún 1986 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó bá rí i gbà láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ibà ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kò ṣiṣẹ́, ẹ tún lo òmíràn ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà ti pé nìyẹn, ẹ ò sì tíì kúrò ní kẹ́míìsì àdúgbò.

Àìsàn náà sì gbọ́n. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kó o, nǹkan bíi mẹ́jọ kò ní mọ̀, tàbí kó kàn rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Òun ló ń mú kí àwọn èèyàn máa sọ pé irọ́ ni, pé ìjọba fẹ́ fi gbowó. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní FMC Ọ̀wọ̀ láàárín ọdún 2018 sí 2020, àwọn tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Lásà ni wọ́n gbé wá lé ní 500, nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì kú. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé wà lára àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù. Ẹ máa wo ìtọ̀ ọmọ yín.

Wọ́ọ̀dù yẹn ń dẹ́rù bani, n kò ní parọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ti wé ara látòkè délẹ̀, ojú nìkan ló ń hàn, wọ́n á fi máákà kọ orúkọ wọn sí àyà kí a lè mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Tí ribavirin bá ń wọ inú iṣan, n óò máa gbọ̀n bí ẹni wà nínú yìnyín. Ìyàwó mi kò lè wọlé, ojú fèrèsé ló ti ń wò mí. Wọ́n ń pè é nílé láràárọ̀ àti lálẹ́ láti béèrè bí ara òun àtàwọn ọmọ ṣe gbóná sí, títí ọjọ́ mọ́kànlélógún fi pé. Àwọn aládùúgbò kò ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Àwọn dókítà fúnra wọn ti ń jiyàn báyìí pé bóyá ribavirin kò lágbára tó bí a ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán favipiravir wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní Ọ̀wọ̀ níbí yìí. Oníhóró ni, àwọn ará Japan ló ṣe é fún ọ̀fìnkìn líle. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wọ inú ìwádìí, ẹ má sá. Ẹ ní kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù fún yín ní Yorùbá, ẹ béèrè ohun tó bá rú yín lójú, ẹ sì lè jáde nígbà tó bá wù yín. Nígbà tí àwọn CEPI, àjọ àgbáyé tó ń náwó sórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Enable lọ́dún 2020, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Nàìjíríà, Benin, Gíní, Làìbéríà àti Sàró, àwọn kan ládùúgbò wa ní ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí àrùn náà ti ń ràn jù ni, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti dán abẹ́rẹ́ wò. Àwa tí à ń ké pé abẹ́rẹ́ dà, àwa kan náà là ń lé wọn.

Lẹ́yìn tí mo jáde, etí òsì kò gbọ́ mọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin àwa tó yè é ni etí máa ń dí fún, tàwọn kan á là lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tèmi kò là. Lórí pákó tí à ń dúró lé kọ́lé, lébìrà gbọ́dọ̀ wá sí apá ọ̀tún mi kó tó sọ pé òun ń ju búlọ́ọ̀kù. Ohun mìíràn tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́: àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn Irrua, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, rí fáírọ́ọ̀sì yìí nínú àtọ̀ ọkùnrin lóṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá. Iwájú ìyàwó mi ni dókítà ti sọ ọ́, ojú tì wá, ṣùgbọ́n kọ́ńdọ̀ọ̀mù la lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ eku. Eku kékeré olọ́mú púpọ̀ ni, oko àti inú ilé ló ń gbé, kì í ṣàìsàn, títọ̀ ló máa ń tọ̀ sórí oúnjẹ. Ẹ má rò pé òtàpíápíá á parí ẹ̀. Ní Gíní, wọ́n fi májèlé pa eku láwọn abúlé lọ́dọọdún, eku dín kù lóòótọ́, kí ọdún tó yípo wọ́n ti padà. Ihò dídí àti ike onídèérí ló ṣeé gbára lé. Gàrí tí ẹ kò mọ ibi tí wọ́n ti gbé e sùn, ẹ fi tẹ ẹ̀bà, ẹ má mu ún. Ẹlùbọ́ tí wọ́n sá sórí títì, ẹ fojú fò ó. Bí ẹ bá rí òkú eku, háípò ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán mú un.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí kò bá sí ibà níbẹ̀, tàbí tí oògùn parí tí ara ò lọ sílẹ̀, ẹ má gba ìkejì. FMC ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu pé Lásà lẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Tẹ́lẹ̀, Irrua ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ wa lọ. Báyìí, ibi àyẹ̀wò ti wà ní Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé tí ọkọ yín rí yẹn, kó tó sanwó fún lánlọ́ọ̀dù, kó gbé àkàbà, kó gun òkè lọ wo sílíìnì ilé ìdáná.